Ṣé à ń wọ́ táàbù ni àbí à ń gbé e?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ohun tá a máa kọ ní Yorùbá sínú áàpù tí táàbù márùn-ún (bọ́tìnnì tó ń gbéni lọ sí apá kọ̀ọ̀kan áàpù) wà lójú ẹ̀, téèyàn lè tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó fi ìka mú un lọ síbòmíì, kó tún gbogbo wọn tò bó ṣe wù ú. Gẹ̀ẹ́sì ní drag and drop, ẹnì kan wá ní ká máa pè é ní fà-kí-o-jù-sílẹ̀, ẹlòmíì ní wọ́-kí-o-sọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì torí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, àmọ́ mi ò lè fara mọ́ jù yẹn rárá.

Èmi fúnra mi ti lò ó rí. Mo kọ ọ́ sínú áàpù kan pé "Fa táàbù kí o sì jù ú sílẹ̀", mo wá gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mi ò ṣàlàyé kankan. Wọ́n kà á, wọ́n tẹ táàbù mọ́lẹ̀ dáadáa, ó gbéra, ni wọ́n bá fi ìka jù ú sọ́wọ́ ọ̀tún fìrì bí ẹni ń ju òkúta, ọwọ́ ti kúrò lójú fóònù kí táàbù tó rìn dé ibì kankan, ó bá padà sáyè ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé mi ò jù ú dáadáa ni?" Ó dùn mí gan-an, torí ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe náà ni wọ́n ń ṣe. Ohun téèyàn bá jù, ọwọ́ á ti bọ́ lára ẹ̀ kó tó débi tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ìka gbọ́dọ̀ bá táàbù débẹ̀ ni.

Wọ́ ńkọ́? Ó sàn ju fà lọ, àmọ́ ayé màọ́sì ló bá mu, láti bíi Macintosh, kọ̀ǹpútà Apple ti 1984, tó jẹ́ pé èèyàn á tẹ bọ́tìnnì màọ́sì mọ́lẹ̀ á máa wọ́ ọ lórí tábìlì. Ti fóònù yàtọ̀. O tẹ táàbù, o ò gbọ́wọ́ kúrò (ní iOS tí iPhone ń lò, tí ẹni tó kọ kóòdù ò bá yí i padà, 0.5 ìṣẹ́jú àáyá ni), nínú ọ̀pọ̀ áàpù táàbù á wá fẹ̀ díẹ̀, òjìji á yọ lábẹ́ ẹ̀. Kí ni òjìji yẹn ń sọ fún ojú? Pé ó ti kúrò nílẹ̀. A ti gbé e, a ò wọ́ ọ.

Ohun míì tó jẹ́ kí n sá fún wọ́ ni àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí i tá a bá ń tẹ̀wé, fọ́ńtì míì tiẹ̀ máa ń já a sọnù. Tí "Wọ́ táàbù" bá pàdánù àmì, "Wo taabu" ló kù, ẹni tó kà á á rò pé wọ́n ní kóun wò ó, á sì wò ó lóòótọ́, torí wíwo táàbù bọ́gbọ́n mu. Tí "Gbé táàbù" bá pàdánù tiẹ̀, ta ló máa rò pé wọ́n ní kóun gbẹ́ táàbù bí ère? Lójú tèmi, àṣìkà tó bọ́gbọ́n mu ló léwu jù, èyí tí kò bọ́gbọ́n mu, òǹkàwé á tún un ṣe fúnra ẹ̀.

Sọ̀ ni mo gbà pátápátá. Ẹni tó gbẹ́rù ló ń sọ ẹrù, jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pe ìṣe náà ní àgbésọ̀ láàárín àwa tá à ń kọ kóòdù (àgbékalẹ̀ ti níṣẹ́ míì tó ń ṣe). Táàbù ni mo ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó tún ku sún. WCAG 2.2, ìlànà tó ń jẹ́ kí ìkànnì rọrùn fún àwọn aláàbọ̀ ara láti lò, tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2023, sọ ọ́ ní abala 2.5.7 pé ohun téèyàn ń fi àgbésọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà míì tí kò ní in nínú, àfi tí kò bá sí bí wọ́n ṣe lè yẹra fún un, torí náà a nílò bọ́tìnnì tó ń sún táàbù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "Sún un síwájú" síbẹ̀. Lórí ìlà, ẹni tó wà níwájú ni ẹni àkọ́kọ́, òsì nìyẹn fún wa, àwọn tó kọ kóòdù sì sábà máa ń rò pé iwájú ni ọ̀tún. "Sún un sọ́tùn-ún" àti "Sún un sósì" ni mo ti kọ sínú fáìlì tèmi. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ṣe ṣókí ju "gbọ́wọ́ kúrò" lọ kó mú un wá, torí "jọ̀wọ́ rẹ̀" tí mo kọ́kọ́ lò, ẹ̀bẹ̀ làwọn èèyàn kà á sí.