Ṣé iṣẹ́ òpèrétọ̀ ni ìtọ́jú ẹ̀rọ, àbí ti mẹkáníìkì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé-iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà ni mo wà, ẹ̀rọ méjì ló wà níkàáwọ́ mi. Láti oṣù tó kọjá ni máníjà ti ní kí n máa nu ẹ̀rọ, kí n máa fi gíríìsì sí i, kí n sì máa yẹ bẹ́líìtì wò láràárọ̀. Mi ò kọ̀. Àmọ́ aago méje géérégé ló fẹ́ kí omi máa jáde, aago méje yẹn náà sì ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́árìn kan, irin róbótó tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yí geere, bàjẹ́. Wọ́n ní mi ò tọ́jú ẹ̀rọ, wọ́n yọ nínú owó oṣù mi. Ó dùn mí dọ́kàn. Ṣé iṣẹ́ mi ni lóòótọ́?

Òpèrétọ̀ àtijọ́: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Má bínú, púpọ̀ nínú ẹ̀ iṣẹ́ rẹ ni. Ìwọ lo wà nídìí ẹ̀rọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Etí rẹ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ bí bẹ́árìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Teflon, ìyẹn aṣọ tó bo irin gbígbóná tó ń lẹ ọ̀rá, tó bá ti jó, omi á máa jò. Ìwọ ni kó o pààrọ̀ ẹ̀. Bóòtù tó bá dẹ̀, fún un kó le. Àmọ́ má tú àpótí iná o. Gíríìsì náà ní ìwọ̀n: tó bá pọ̀ jù, bẹ́árìn á gbóná, á sì bàjẹ́. Ta ló kọ́ ẹ?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Wọ́n kàn gbé agolo gíríìsì lé mi lọ́wọ́ ni.

Mẹkáníìkì: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní Japan, ilé-iṣẹ́ Nippondenso tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò gba àmì-ẹ̀yẹ lórí irú ètò yìí ní 1971. Òpèrétọ̀ ló ń nu ẹ̀rọ, ló ń fi gíríìsì sí i, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì fún un ní àkókò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki àkísà bọ ẹ̀rọ tó ń yí. Ẹ pa iná láti orísun, ẹ fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Mo ti rí ìka tó gé.

Ìyá oní-píọ̀ wọ́tà: Ọmọ mi, èmi ni mo ni ilé-iṣẹ́ tèmi, mi ò sì gbè sẹ́yìn máníjà rẹ. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi kí omi tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń sanwó ẹ̀. Fi ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Kọ ohun tó o ṣe àti ohun tó o gbọ́ sí i, kí súpáfáísọ̀ fọwọ́ sí i. Kọ ọjọ́ tí wọ́n fi gílóòbù UV, iná tó ń pa kòkòrò inú omi, sí ẹ̀rọ pẹ̀lú. Wákàtí bí i 9,000 ló sábà máa ń lò, ìyẹn nǹkan bí ọdún kan tó bá ń tàn tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn ìyẹn, wàá ṣì rí i tó ń tàn, àmọ́ kò ní lágbára tó láti pa kòkòrò inú omi mọ́. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, ìyá mi. Mo ti ra ìwé náà. Gílóòbù wa kò ní ọjọ́ kankan lára. Òun ni mo máa kọ́kọ́ bá máníjà sọ lọ́jọ́ Ajé, kí n tó sọ ti ogún ìṣẹ́jú.