Ìgbà wo ló yẹ kí èèyàn kan tábìlì nínú gin rummy?

Ìbéèrè:
Mo kí gbogbo ilé o. Èmi àti ìyàwó mi ń kọ́ gin rummy, eré káàdì ẹlẹ́ni méjì, lọ́wọ́, òfin rẹ̀ sì ti yé wa: káàdì mẹ́wàá-mẹ́wàá là ń pín, ẹni tó bá kàn á mú ẹyọ kan, á sì ju ẹyọ kan sílẹ̀, títí ẹnì kan á fi to tirẹ̀ jọ, yálà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí nọ́ńbà wọn dọ́gba, tàbí mẹ́ta sókè tó tẹ̀ léra tí àmì wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tó ṣì rú mi lójú ni ìgbà tó yẹ kí n kan tábìlì, ìyẹn kí n fòpin sí ọwọ́ náà ká lè ka ohun tó kù lọ́wọ́ kálukú. Mo máa ń fẹ́ dúró títí gbogbo káàdì ọwọ́ mi á fi bára mu, nítorí èrè 25 tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ìyàwó mi á ti kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa wò?

Ìdáhùn kìíní:
Ẹ má dúró. Bí ọwọ́ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí àpapọ̀ àwọn káàdì tí kò rí ẹgbẹ́ kò sì ju 10 lọ, ẹ kàn án. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 7 mẹ́ta wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú 4, 5 àti 6 alámì ọkàn, tó wá ku A, 2, 3 àti K tí wọn kò bá ohunkóhun lọ. K ń jẹ́ 10, A ń jẹ́ 1, nítorí náà 16 ni ẹrù ọrùn yín. Bí ẹ bá fa 4 mìíràn, tí ẹ sì ju K sílẹ̀, ó di 10 géérégé. Bí alátakò bá ṣì di Q méjì àti 9 kan mú, 29 nìyẹn, ẹ ó sì jẹ 19 lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de òdo, ìyẹn kí gbogbo káàdì rẹ̀ bára mu, ń fún alátakò láyè láti tún ilé rẹ̀ ṣe.

Ìdáhùn kejì:
Òótọ́ ni, àmọ́ bí ọwọ́ bá ti pẹ́, tí òkìtì káàdì ti ń tán lọ, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Alátakò lè lẹ káàdì rẹ̀ mọ́ tiyín, bí àpẹẹrẹ, 3 alámì ọkàn mọ́ 4, 5, 6 yẹn, bí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ bá sì dọ́gba pẹ̀lú tiyín tàbí kó kéré sí i, òun ló jẹ ìyàtọ̀ náà, àti èrè lé e, èyí tó jẹ́ 25 lọ́pọ̀ ibi. Òdo nìkan ni kò ṣeé lẹ nǹkan mọ́.

Ìdáhùn kẹta:
Ẹ máa wo ohun tí alátakò ń jù àti ohun tí ó ń mú. Káàdì tó bá mú nínú èyí tí ẹ jù sílẹ̀ ti sọ ohun tó ń tò fún yín. Ẹ sì tètè máa ju K tó dá wà: ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè gbà wọ inú káàdì mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ìyẹn J, Q, K, nígbà tí 7 ní ọ̀nà mẹ́ta.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Bí mo bá mú èyí tí alátakò jù sílẹ̀, ṣé mo lè dá a padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?

Ìdáhùn kejì:
Rárá o. Káàdì mìíràn lẹ gbọ́dọ̀ jù ní ìgbà yẹn. Ó di ìgbà tó bá tún kàn yín kí ẹ tó lè ju ìyẹn.