Ìlú wo ni wọ́n kà yín mọ́? Ìrírí àwa onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti rìnrìn àjò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ká sọ ìrírí wa lórí bí wọ́n ṣe ń ka àwa onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti kúrò nílé. Ní 2011, Chiara Franzoni, Giuseppe Scellato àti Paula Stephan fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè 16. Àwọn tó lé ní 17,000 ló dá wọn lóhùn. Ohun tí wọ́n fi mọ ibi tí èèyàn ti wá ni orílẹ̀-èdè tó ń gbé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 18. Ní Switzerland, bíi 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ àlejò. Ní Íńdíà, wọn ò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Brazil wà níbẹ̀, Japan wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan. Tí wọ́n bá rí ará wa kà, a jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti bá a. Ẹni tó ti padà sílé ò lè sí níbẹ̀. Ìyẹn ló ń ká mi lára. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín.

Láti Ọ̀yọ́

Kẹ́mísìrì ni iṣẹ́ mi. Ilé ni mo ti kàwé títí tí mo fi gba másítà. Ìwọ̀n kan ṣoṣo la jọ ń lò ní láàbù, tíná bá sì lọ nígbà tó kàn ọ́, o máa dúró ti kẹ́míkà rẹ títí wọ́n á fi tan jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ yẹn ò di ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ìgbà tí mo lọ ṣe PhD ní Ìlú Ọba ni ìwé mi àkọ́kọ́ jáde, àdírẹ́sì ibẹ̀ ló sì wà lórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ìwé tí a tẹ̀ jáde ṣírò ibi tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣí lọ, àdírẹ́sì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń pè ní ilé èèyàn. TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn, ló sanwó mi, mo ti fọwọ́ sí i pé mo máa padà wá sìn, mo sì padà. Nínú ìṣirò wọn, ọmọ Ìlú Ọba kan ló kó wá sí Nàìjíríà. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi tọ́ mi nílé ti wọmi.

Láti Jámánì

Ti àwa obìnrin tún yàtọ̀. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí àwọn ìwé tí mo kọ ní Nàìjíríà. Mo lọ́kọ, mo débí, orúkọ ọkọ ni mo ń lò. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn méjì ni wá: ọ̀kan ṣíwọ́ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì. Kò sẹ́ni tó rìnrìn àjò rárá! Ẹ̀yin obìnrin, ẹ lọ gba nọ́ńbà ORCID, nọ́ńbà tó máa ń dá olùwádìí kan mọ̀ bí orúkọ rẹ̀ bá tiẹ̀ yí padà, láti 2012 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fọwọ́ ara yín fi àwọn ìwé àtijọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń jẹ́ A. O. Adéyẹmí náà, ẹ má jókòó, ẹ pọ̀ jù.

Láti Amẹ́ríkà

Níbí, bó o bá fẹ́ gba PhD, wọ́n á fún ọ ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ti ń lò láti 1957: ọmọ ìlú ibo ni ọ́, irú físà wo lo ní, ibo lò ń lọ lẹ́yìn èyí. Mo kọ ọ́ pé mi ò tíì lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń tọ́ sọ́nà nílé lórí WhatsApp lóru, kò síbi tí mo lè kọ wọ́n sí.

Láti Èkìtì

Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀ka wa. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ASUU tó gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, àwọn tó lọ pọ̀. Fáìlì tí mo bá nílẹ̀ ò ní ju orúkọ, ọjọ́ tí èèyàn lọ, àti ọjọ́ tó yẹ kó dé. Mo fi rúlà fa ìlà kún un: ibo ló wà báyìí, ta ni wọ́n jọ ń kọ̀wé, kí ló ṣì ń ṣe fún wa. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń sọ pé wọ́n ti jápa ṣì ń bá wa ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan ń bá wa ṣàyẹ̀wò àpẹẹrẹ erùpẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí a ò ní. Àwọn kan sì wà tí wọn ò dáhùn mọ́, mo kọ ìyẹn náà.

Ẹ tún wo Christian Happi, onímọ̀ nípa àbùdá. Ọmọ Cameroon ni, Ìbàdàn ló ti gba PhD, ó lọ sí Harvard, ó wá padà sí Nàìjíríà, sí Redeemer's University ní Ẹdẹ. Láàbù rẹ̀ ló kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò kòrónà ní Áfíríkà, ní March 2020. Orílẹ̀-èdè wo ló pàdánù rẹ̀, èwo ló jèrè? Ìlà kan ṣoṣo nínú tábìlì ò lè gbà á.

Ẹni tó bá fẹ́ fọ́ọ̀mù tí mo fà yẹn fún ẹ̀ka tiẹ̀, kó sọ, màá tẹ̀ ẹ́ síbí. Díìnì wa ti ní kí gbogbo ẹ̀ka lò ó ní sáà yìí.