Omi ni ọ̀tá calisson: bí mo ṣe ń ṣe é nílé

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Aix-en-Provence, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, kò sí àdídùn tó wù mí láti fi ọwọ́ ara mi ṣe tó calisson. Èso álímọ́ńdì ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀ mọ́ mẹ́lọ́nì tí wọ́n ti fi ṣúgà sè, tí wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláìwú, irú èyí tí àlùfáà Kátólíìkì ń lò fún Máàsì. Àwọn ará ìlú máa ń pìtàn pé wọ́n pín in níbi ìgbéyàwó Ọba René, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Provence nígbà náà, àti Jeanne de Laval ní ọdún 1454.

Ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ aládùúgbò mi ló là mí lóye pé omi ni ọ̀tá rẹ̀. Omi ló kún inú mẹ́lọ́nì tútù, nítorí náà wọ́n á rì í sínú omi ṣúgà, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á jẹ́ kó tutù, lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún fi ṣúgà kún un, títí ṣúgà yóò fi gba ipò omi náà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni, nítorí náà èyí tí wọ́n ti ṣe tán ní ìlú Apt ni mo ń rà, níbi tí iṣẹ́ yìí ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo sì máa ń fi í sínú asẹ́ di òwúrọ̀ kó lè ro dáadáa.

Álímọ́ńdì eléèpo ni mo fẹ́, nítorí òórùn èyí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ọ̀rá kì í pẹ́ lọ. Tí ẹ bá da omi gbígbóná sí i, tí ẹ sì fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, èèpo náà yóò yọ̀ bọ́rọ́. Mo máa ń lọ 200 gíráàmù rẹ̀ pẹ̀lú 200 gíráàmù mẹ́lọ́nì àti 50 gíráàmù èèpo ọsàn tí wọ́n ti fi ṣúgà sè, díẹ̀díẹ̀, kí òróró má bàa jáde lára álímọ́ńdì. Lẹ́yìn náà ni màá fi iná jẹ́jẹ́ rò ó títí yóò fi kúrò lára ìkòkò. Ìyá náà á fi ìka kan án, á wò ó, á ní, “Ó ṣì ń lẹ̀, ọmọ mi, dá a padà sórí iná.”

Ó gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú kí n tó tẹ́ ẹ. Funfun ẹyin kan àti 150 gíráàmù ṣúgà lílọ̀ ni mo ń pò kun ojú rẹ̀, fẹ́lẹ́ ni, màá sì fi ọ̀bẹ tí mo ti bọ omi gbígbóná, tí mo sì nù, gé e bí ọkọ̀ ojú omi kékeré. Ààrò tó gbóná tó 130°C yóò gbẹ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun síbẹ̀.

Oṣù Kejìlá ni mo sábà máa ń ṣe é, nítorí ó wà lára àdídùn 13 tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ nílẹ̀ Provence nígbà Kérésìmesì. Agolo tó dé pinpin ni mo ń kó o sí, n kì í gbé e sínú fíríìjì, nítorí ọ̀rinrin ibẹ̀ máa ń mú ojú funfun náà lẹ̀.