Èsì: "ìdápamọ́" kọ́ o, ta ló ń sá fún ta?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń wò ó pé bóyá ẹlòmíì á dá ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti London lóhùn, ṣùgbọ́n ńṣe ni gbogbo yín ń kí wọn kú ọpọlọ. Wọ́n ní ohun tí Òyìnbó ń pè ní privacy, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí èèyàn ní láti sọ ẹni tó lè wọ inú ọ̀rọ̀ òun, kí a máa pè é ní "ìdápamọ́". Wọ́n ní kí "àyẹ̀wò ìdápamọ́" dúró fún ojú ewé tí Google àti Facebook ní, níbi tí èèyàn ti lè wo ẹni tó ń rí ọ̀rọ̀ òun. Wọ́n tún fi òwe tì í lẹ́yìn: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. "Pamọ́" yẹn kò bá mi lára mu. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni, àárín rẹ̀ ni àbọ̀ ń jókòó sí: pa owó mọ́, pa ẹran mọ́. Nínú tiyín, pa kí ni mọ́? Tí kò bá sí àbọ̀ ńbẹ̀, ara ni etí Yorùbá máa fi sí i, á wá di ẹni tó fara pamọ́. Bí wọ́n bá sì ní lágbájá fara pamọ́, ohun tí ará àdúgbò máa kọ́kọ́ béèrè ni "kí ló ṣe?" Àwọn àgbà ní ohun tó pamọ́ lójú ènìyàn, kedere ni lójú Ọlọ́run. Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti máa ń pa á. Ẹni tí wọ́n fura sí ni wọ́n ń pa á fún. Ẹ tún wá ki "dá" bọ iwájú rẹ̀, bí ìdáwà, bí ìdágbé, ó di pé onítọ̀hún nìkan ló dá gbogbo wàhálà rẹ̀ gbé. Bí àwọn ọmọ yín bá sì kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i bí wọ́n ti ń ṣe, idà ni èmi máa kà.

"Àyẹ̀wò" náà tún wà ńbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ní òun ń lọ ṣe àyẹ̀wò, ọ̀dọ̀ dókítà ni tàbí ọ̀dọ̀ babaláwo. Kí wá ni àìsàn ìdápamọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi òfin dán an wò. Abala 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, ìwé tó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Ẹ fi tiyín kọ ọ́: "ìdápamọ́ ọmọ ìlú àti ilé rẹ̀." Ṣé kí n wá lọ gbé ilé mi pamọ́ ni? Tọmọdé tàgbà ló mọ ilé mi. Ohun tí òfin ń wí ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣàdédé já wọlé.

Ibi tó ti dùn mí rèé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yá ₦15,000 lórí áàpù kan ní 2022. Ọjọ́ ìsanwó fi ọjọ́ méjì kọjá. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ láàárọ̀, pákò ṣì wà lẹ́nu mi, fóònù dún: fọ́tò ọmọ yìí ni, àwọn ayánilówó fi lẹ́tà pupa kọ OLÈ sí i láyà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀. Télọ̀ rẹ̀ rí i. Pásítọ̀ rẹ̀ rí i. Ọkùnrin tó ń bá wọn tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, òun náà rí i. Ẹ̀gbọ́n, kí ni ọmọ yẹn ìbá pa mọ́? Ẹ ní ògiri ló lanu. Ó lanu lóòótọ́, ṣùgbọ́n aláǹgbá yẹn, ṣé ó kágò?

Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá kiri nìyẹn: àgò.

Nílé bàbá mi àgbà, kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì lọ́sàn-án. Aṣọ ìkélé lásán ló wà lẹ́nu yàrá. Síbẹ̀, kò sí ọmọ tí wọ́n bí dáa tó máa gbé e sókè láìkágò. "Àgò onílé o!" Bí wọn ò bá tíì dá ọ lóhùn "àgò yà", wàá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ tí wọ́n fi rán ọ, títí ọ̀rá á fi dì lójú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kankan ò sí, ẹnikẹ́ni ò sì fi nǹkan kan pamọ́. Títí dòní, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé ní Brazil ṣì ń ké "agô" kí wọ́n tó wọlé, àwa tí a wà nílé la wá ń hun ìdápamọ́.

Ẹ tún wo fóònù fúnra rẹ̀. Kí Android 6, ètò tó ń darí fóònù, tó dé ní 2015, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni áàpù máa ń ka gbogbo ohun tó fẹ́ sílẹ̀, lọ́jọ́ tí o bá gbé e sórí fóònù. O gbà, o ti gbé gbogbo ilé fún un. Láti ìgbà náà ló ti ń kágò lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan: kámẹ́rà, gbohùngbohùn, ibi tí o wà, nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ. Nígbà tí Android 11 dé ní 2020, o lè sọ fún un pé ti ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni, bó bá padà wá, kó tún kágò.

Èmi àti ọmọ náà tú fóònù rẹ̀ wò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Áàpù tọ́ọ̀ṣì kan wà ńbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lásán o, ó ti wọ inú nọ́ńbà, ó ti wọ gbohùngbohùn. Kí ni tọ́ọ̀ṣì fẹ́ bá télọ̀ sọ? A lé e jáde. A dé orí WhatsApp, a sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo ayé ló máa rí fọ́tò rẹ̀, kí àjèjì má sì fà á sínú gúrúùpù mọ́. Ọ̀rọ̀ ayánilówó yẹn, Google fòfin dè é ní 2023, wọ́n ní irú áàpù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú nọ́ńbà àti fọ́tò ẹni. Ti ọmọ tiwa ti kọjá nígbà náà.

Nítorí náà, "ẹ̀tọ́ àgò" ni mo fi sílẹ̀. Dípò "àyẹ̀wò", kí a kàn sọ pé "ẹ wo àwọn tí ẹ ti fún lágò". Bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ láti gbà, "Àgò yà" ló yẹ kí wọ́n kọ sí i lára.

Ìyá wa olùkọ́-fẹ̀yìntì ní "àṣírí" ti tó láti fi pe privacy. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n lọ, nítorí a máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹni tó ní Lárúbáwá ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, kó kọ́kọ́ dá àlàáfíà àti àlùbáríkà tí a yá lọ́wọ́ wọn padà fún wọn. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé àṣírí ò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní àgò tí a fi ń dé adìyẹ ńkọ́. Ó dáa, ẹ mú un wá.

 

Èmi àbúrò yín, láti Òṣogbo.