Báwo ni mo ṣe lè bó ọ̀dà lára ìdérí ẹ́ńjìnnì Honda bàbá mi, kó sì dán?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Alùpùpù Honda CG125 kan wà tí bàbá wa fi sílẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń gbé wa lọ sílé ìwé, èmi níwájú lórí táǹkì, ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn. Mo ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ó ti ń dún dáadáa. Ìdérí ẹ́ńjìnnì méjèèjì ló kù. Alumíníọ́mù ni wọ́n, àmọ́ ẹnì kan ti kun ọ̀dà sílífà sí wọn lára, ó tún wá kun dúdú lé e. Ọ̀dà náà ti ń ṣí léèpo léèpo, ohun funfun bí ìyẹ̀fun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n dán bíi ti ìjelòó.

Lánàá, mo ra kọ́sítììkì sódà, mo pò ó mọ́ omi nínú ike, mo sọ ìdérí kékeré kan sí i kí n fi dán an wò. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ike náà gbóná, èéfín ń rú. Nígbà tí mo yọ ọ́, ọ̀dà ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdérí náà ti dúdú, ara rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? Kí ni kí n lò fún àwọn ńlá? Dírílù nìkan ni ẹ̀rọ tí mo ní.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ:
Ọmọ mi, mo dúpẹ́ pé kò ta sí ọ lójú. Ọṣẹ ni mò ń sè láti ìgbà tí mo ti dàgbà, a kì í po sódà nínú abọ́ alumíníọ́mù láéláé. Ṣe ló máa jẹ ẹ́ títí á fi lu. Háídírójìn ni ohun tó ń hó jáde yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ṣáná sí i, ó di wàhálà. Ṣé o ò rí ìkòkò tí wọ́n bá fi kán-ún se ẹ̀wà bí inú rẹ̀ ṣe máa ń dúdú? Kán-ún lásán nìyẹn o. Fi omi púpọ̀ ṣàn án, kó o wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, dúdú yẹn á dínkù.

Ọ̀kadà Ìbàdàn:
Kí ló tó yẹn? Fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà sẹ́nu dírílù, ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀dà ti tán.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Irin wáyà yẹn le ju alumíníọ́mù lọ, á kọ ọ́ ní ilà tí yóò fi ọ̀sẹ̀ kan pa rẹ́.

Àbúrò, òótọ́ ni màámi sọ. Bí kò bá tíì lu, sáńpépà á gbé dúdú yẹn kúrò. Fún àwọn ńlá, ra paint remover, ìyẹn kẹ́míkà tó ń bó ọ̀dà, èyí tó ki bí ògì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀dà mọ́tò. Kọ́kọ́ yọ rọ́bà síìlì ibi tí kíkì ti ń jáde, torí yóò jẹ ẹ́. Kùn ún kó nípọn, fi ọ̀rá bò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Wàá rí i tí ọ̀dà máa wú, tí á ká sókè bí awọ tí iná jó. Igi pẹlẹbẹ ni kó o fi há a. Ọ̀dà oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó o ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Wọ ìbọ̀wọ́, kó o sì ṣe é níta gbangba. Èyí tó ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní methylene chloride nínú ti pa àwọn tó lò ó nínú ilé ìwẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀. Amẹ́ríkà fòfin de títà á fún ará ilé lọ́dún 2019.

Lẹ́yìn náà ni sáńpépà, pẹ̀lú omi àti ọṣẹ díẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 240 tó rí ṣákiṣàki, lọ sí èyí tó ń kúnná sí i: 400, 600, 800, 1000, títí dé 2000. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Bó o bá fi 400 ra á ní ìbú, fi 600 ra á ní òró. Má kúrò lórí 600 títí ilà ìbú yóò fi pa rẹ́ pátápátá. Bí ẹyọ kan bá kù, pọ́líìṣì ò ní bò ó, ṣe ló máa hàn sí i. Ojú pẹlẹbẹ tí gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àárín ìdérí àti ẹ́ńjìnnì, ń jókòó lé ńkọ́? Má fi sáńpépà kàn án rárá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ́ìlì á máa jò.

Aṣọ róbótó ni kó o wá fi sẹ́nu dírílù, pẹ̀lú pọ́líìṣì irin bíi Autosol tàbí Brasso. Aṣọ náà á dúdú kirikiri, má fòyà, alumíníọ́mù ló ń jáde.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Bó bá dán tán, ṣé kí n fi fáníìṣì bò ó?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Èmi ò ní fi sí i. Ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná, fáníìṣì á pọ́n, á ṣí, ìyẹ̀fun funfun yẹn á tún gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Wáàsì ni kó o fi pa á, kó o máa tún un ṣe bó bá ti ń ṣú.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ̀yin àgbà, mo ti padà dé. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀dà ìdérí ọ̀tún ṣí lẹ́ẹ̀kan, ti òsì gbà mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo kánjú lórí 400, mo sì ní láti padà sẹ́yìn bí ẹ ṣe wí. Lálẹ́ àná, mo gbé e sábẹ́ iná, mo rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Màmá mi fọwọ́ pa á, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn lọ mú aṣọ mìíràn wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi nù ún. Ìdérí kékeré yẹn ní ihò wẹ́wẹ́ tí kò lọ. Èmi á bá a lò bẹ́ẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni mò ń wá báyìí.