Ìwé kíkà fún ẹni tí kò lè jáde nílé: bí ilé-ìkàwé ṣe ń wá báni, UK àti Amẹ́ríkà

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àgbà tó fẹ́ràn ìwé, tí ẹsẹ̀ kò gbé e jáde mọ́, báwo ni ìwé ṣe lè máa bá a nílé? Ojú ṣì ń ríran díẹ̀, ọwọ́ ni kò lágbára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa.

Ìdáhùn, UK

Ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ pe ilé-ìkàwé káńsù ibi tí àgbà náà ń gbé, kí ẹ sọ pé Home Library Service lẹ fẹ́, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń gbé ìwé wá bá ẹni tí kò lè jáde. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ káńsù kì í sì í gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó bí ìwé bá pẹ́. Kò dìgbà téèyàn bá dùbúlẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, tí yóò san lẹ́yìn oṣù díẹ̀, lè béèrè níbi púpọ̀.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n á fún yín ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ó máa mú ìwé lórí pẹpẹ, ẹlòmíràn ni, ohun tẹ́ ẹ bá kọ ni yóò sì tẹ̀ lé. Ẹni tó bá kọ "ìwé tó dùn" nìkan, ohunkóhun ni wọ́n á kó fún un. Ẹ kọ irú ìtàn tó fẹ́, èyí tí kò fẹ́ fojú rí, òǹkọ̀wé mẹ́ta tó gbádùn, àti iye ìwé tó lè kà tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, torí ó máa ń tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó padà wá. Bí ọwọ́ kò bá lágbára, ẹ fi kún un pé ìwé fúyẹ́, ẹ̀yìn rírọ̀. Ìwé onílẹ́tà gàdàgbà máa ń nípọn nítorí ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ń gba ojú ewé kan, ọwọ́ á ti rẹ àgbà kí ìtàn tó wọra.

Ohun tó tún ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìwé tó ti kà á tún padà wá. Ẹ bi wọ́n bóyá kọ̀ǹpútà wọn ń tọ́jú orúkọ ìwé tó ti yá. Bí kò bá sí, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè fi pẹ́ńsù kọ lẹ́tà kékeré kan sí igun ojú ewé kan náà nínú gbogbo ìwé. Ẹni tó ń ṣa ìwé á ṣí ibẹ̀ wò kó tó kó o.

Bí ojú bá ti ń ṣú, RNIB, ẹgbẹ́ aláàánú fún àwọn afọ́jú ní UK, ní Talking Books, ìwé tí wọ́n kà sórí ẹ̀rọ. Láti 2015 ló ti di ọ̀fẹ́.

Ìdáhùn, Amẹ́ríkà

Níbí, NLS ni kẹ́ ẹ wá, ilé-ìkàwé ìjọba tó ń yá ni ní ìwé tí wọ́n kà sórí ẹ̀rọ. Láti 1931 ni òfin ti dá a sílẹ̀ fún afọ́jú, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ìwé mú tàbí ṣí ojú ewé náà wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ èyí, wọ́n á ní "ojú Màmá ṣì dára." Dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé lè fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, àfi mọ̀lẹ́bí. Nítorí náà, ọmọ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ti ìyá rẹ̀, wọ́n á dá a padà.

Wọ́n á yá àgbà náà ní ẹ̀rọ tó ń ka ìwé síni létí, wọ́n á sì máa fi ìwé ránṣẹ́ nípa póòsì nínú káàtíríìjì, pàálí oníke kékeré tí wọ́n ń kì bọ inú ẹ̀rọ náà. Ihò róbótó kan wà lára rẹ̀, ìka ìfábẹ̀lá á wọ ibẹ̀ láti fà á yọ, ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà á lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ihò náà kọjú sí yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń kì í bọ̀ ọ́. Bó bá gbọ́ tán, ẹ yí káàdì àdírẹ́sì tó wà lára àpótí rẹ̀ padà kí àdírẹ́sì ilé-ìkàwé bọ́ síta, kí ẹ fi í sínú póòsì láìlẹ sítáǹpù. Ẹni tó bá gbàgbé yí i, ilé rẹ̀ ni yóò tún padà sí.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Bó bá jẹ́ pé tablet ló wù ú, tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn ńkọ́?

Ìdáhùn, UK

Libby tàbí BorrowBox ni, áàpù tí wọ́n fi ń yá ìwé ilé-ìkàwé, èyí tí ilé-ìkàwé rẹ̀ bá ń lò. Nọ́ńbà káàdì ilé-ìkàwé àti PIN ló sábà máa ń béèrè. Lórí Libby, ọmọ lè fi káàdì kan náà sórí fóònù tirẹ̀ láti máa yá ìwé fún un láti ọ̀nà jíjìn. Ìwé á dá ara rẹ̀ padà lọ́jọ́ tó bá pé. Ẹ ṣọ́ ìwé tẹ́ ẹ tò fún torí pé ẹlòmíràn ṣì ń kà á: bí ó bá kàn yín, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi dúró dè yín, àgbà tí kì í ka ìmeèlì á sì pàdánù rẹ̀. Ìmeèlì ọmọ ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Ẹ gbé tablet náà sórí ìdúró, kó má jẹ́ ọwọ́ ni yóò máa gbé e.

Bí gíláàsì tó ń sọ lẹ́tà di ńlá bá wà nílé, ẹ má fi í sílẹ̀ lójú fèrèsé. Oòrùn lè gba inú rẹ̀ dáná sí aṣọ.

Ìdáhùn, Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ n fi ti Yorùbá kún un. Bí ohùn Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀rọ bá ka Yorùbá, kò sí àmì ohùn níbẹ̀, àgbà kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ka ìwé Yorùbá náà sórí fóònù, orí ìwé kan fún fáìlì kan, kó má ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáájú orúkọ fáìlì, 01, 02, kí wọ́n lè tò tẹ̀ léra. Bí oorun bá gbé e lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò tún gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.